Ilé Èrò tí Ó Di Ilé Onílé: Ìtàn Ilé Kíkọ́ láti Gloucester dé Festac Town

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ti kọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé ilé amọ̀ tí a fi ewé tàbí koríko bò ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. A máa ń sọ bí a ti ń po amọ̀, bí a ti ń mọ ògiri ní ìpele-ìpele, bí a ti ń gbé òrùlé lé e, àti bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ń yí gbàgede po. Ohun tí ó dára ni èyí, kò sì yẹ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí a bí sí Festac Town, tí ó dàgbà sí inú fúláàtì lórí ilé alájà, kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Bí ìbéèrè náà bá jáde nínú ìdánwò, àkọ́sórí ni yóò fi dáhùn. Kò mọ̀ pé ilé tí òun fúnra òun ń gbé ní ìtàn, kò sì mọ̀ pé ìtàn náà kan àṣà Yorùbá.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó gbìyànjú láti wo ìtàn irú ilé kan ṣoṣo, èyí ni ilé èrò, ilé tí a dìídì kọ́ fún ẹni tí ó ń kọjá lọ. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nínú èdè wa. Lẹ́yìn èyí, a ó wo ilé èrò onígi kan tí a kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1450, nítorí pé ó jẹ́ kí a rí kedere ohun tí ilé èrò nílò. Láti ibẹ̀ ni a ó ti padà sí etí ọ̀sà tiwa, kí a tó wá dé Festac Town tí a kọ́ nítorí àlejò ọdún 1977. Èrò wa ni pé kí ilé tí a kọ́ fún èrò tó lè di ilé gidi, ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí onílé àti àlejò ti ń rí ojú ara wọn. Bí ẹni tí ó ya àwòrán ilé bá gbàgbé ibẹ̀, àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni yóò wá a fi kún un.

Ọ̀rọ̀ náà, ilé èrò

Èrò ni ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà. A ń sọ pé èrò ọ̀nà, èrò ọjà, èrò ọkọ̀. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé ibi ìtàn ìbí Jésù, níbi tí àyè kò ti sí fún Jósẹ́fù àti Màríà, ilé èrò ni wọ́n pe ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Síbẹ̀, bí a bá béèrè irú òrùlé tí ilé èrò máa ń ní ní ìlú Yorùbá àtijọ́, tàbí iye yàrá tí ó máa ń wà nínú rẹ̀, ìdáhùn yóò ṣòro. Ìdí rẹ̀ ni pé kì í ṣe àṣà wa láti ya ilé kan sọ́tọ̀ ní ìgboro fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó sùn mọ́jú. Àlejò a máa wọ̀ sí ilé ẹnìkan ni.

Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí, wọ̀, yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. A máa ń sọ pé àlejò wọ̀ sí ilé Balógun, tàbí pé ó wọ̀ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ibùwọ̀. Orúkọ ènìyàn ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e, nítorí pé ọ̀dọ̀ ènìyàn ni àlejò ń lọ. Nígbà tí Clapperton àti ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander, gbéra láti Badagry lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní ìparí ọdún 1825 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1826, ibùwọ̀ tí ọba tàbí baálẹ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan bá fún wọn ni wọ́n ń wọ̀ sí.

Ibi tí àlejò bá wọ̀ sí kò yàtọ̀ sí ibi tí onílé ń gbé. Agbo ilé kan náà ni. Ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, gbàgede wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i po, yàrá sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń fún àlejò ní omi mu, ibẹ̀ ni a ti ń bi í bóyá àlàáfíà ni ó bá dé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, tọmọdé tàgbà ilé ti mọ̀ ọ́n. Ààbò ni èyí jẹ́ fún un, ààbò ni ó sì jẹ́ fún àwọn ará ilé náà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú onílé ni ó fi ń ríran títí tí yóò fi lọ.

Ilé èrò onígi ti Gloucester

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà. Ní ìlú Gloucester, àwọn mọ́ǹkì, èyí ni àwọn ọkùnrin tí wọ́n ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà, ní ilé ìsìn ńlá kan tí a ń pè ní St Peter. Ibẹ̀ ni a sin Ọba Edward Kejì sí lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1327. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí wá láti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbi ibojì rẹ̀, wọ́n sì nílò ibi tí wọn yóò sùn. Ní nǹkan bí ọdún 1450, ọ̀kan nínú àwọn mọ́ǹkì náà, John Twyning, kọ́ ilé ńlá kan fún wọn. New Inn ni wọ́n sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí Ilé Èrò Tuntun. Ilé náà ṣì wà, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀.

Igi óákù ni egungun irú ilé bẹ́ẹ̀. Igi ni ó gbé òrùlé àti àjà ró, kì í ṣe ògiri. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí àwọn kápẹ́ńtà ìgbà náà ti ń ṣe é. Wọ́n á gé igi óákù, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, nítorí pé bí ó bá gbẹ tán, yóò le koko. Wọ́n á là á sí ìtì onígun mẹ́rin. Wọ́n á dá ihò sí ara òpó, wọ́n á sì gbẹ́ orí ìtì tí yóò dábùú sí ahọ́n tí ó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò náà. Bí ahọ́n bá ti wọ ihò, wọ́n á lu méjèèjì já, wọ́n á sì gbá èèkàn igi wọ inú wọn. Wọn kì í lo ìṣó fún iṣẹ́ yìí. Bí igi náà bá ń gbẹ tí ó ń súnkì, oríkèé rẹ̀ á túbọ̀ fún mọ́ra. Ní àgbàlá kápẹ́ńtà ni wọ́n ti máa ń to àwọn igi náà pọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Wọ́n á fín àmì sí ara oríkèé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tí ó bá èyí mu, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á kó o lọ sí ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí, wọ́n á sì gbé e nàró.

Àlàfo tí ó bá wà láàárín àwọn òpó ni wọ́n ń dí lẹ́yìn èyí. Wọ́n á hun ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ tinú-tòde. Nítorí pé amọ̀ yìí kò gbé ẹrù kankan, a lè wó o kí a sì fi fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn sí ipò rẹ̀, ilé kò ní mì. Kókó yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sí i.

Ètò ilé náà ni ó kàn wá jù. Láti ìgboro, ẹnu ọ̀nà ńlá kan ni èrò ń gbà wọlé sí gbàgede. Ilé alájà yí gbàgede náà po. Lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ onígi gùn lọ ní iwájú àwọn yàrá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá jáde nínú yàrá rẹ̀ yóò bọ́ sí ojú gbogbo ará ilé. Ẹni tí ó ni àkóso ilé wà nísàlẹ̀, ó ń rí ẹni tí ó wọlé, ó sì ń rí ẹni tí ó jáde. Bí a bá yọ ti àjà òkè kúrò, olùkọ́ Yorùbá yóò rí i pé ètò yìí súnmọ́ agbo ilé gidigidi. Òótọ́ ni pé owó ni a fi ń sùn nínú ọ̀kan, tí ó sì jẹ́ pé ojúlùmọ̀ tàbí àṣẹ ọba ni a fi ń sùn nínú èkejì. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni àwọn méjèèjì ń yanjú, èyí ni bí a ṣe lè gba ẹni tí a kò mọ̀ sílé láìfi ilé wéwu.

Gbàgede yìí wúlò fún nǹkan mìíràn. Nínú irú gbàgede ilé èrò bẹ́ẹ̀ ní London ni àwọn òṣèré ti máa ń ṣeré kí ilé eré tó gbilẹ̀. Àwọn òǹwòran kan á dúró nísàlẹ̀, àwọn mìíràn á máa wo eré láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ọdún 1576 ni James Burbage kọ́ ilé eré tirẹ̀ tí ó pè ní The Theatre.

Ilé èrò wọ̀nyí pẹ́ ju ohun tí a torí rẹ̀ kọ́ wọn lọ. Ní 1540, Ọba Henry Kẹjọ pa ilé àwọn mọ́ǹkì Gloucester rẹ́, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí ibojì sì dópin. New Inn kò torí èyí wó, oníṣòwò àti arìnrìn-àjò ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Southwark, ní London, ilé èrò George jóná nínú iná ọdún 1676, a sì tún un kọ́ ní 1677 pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ilé-iṣẹ́ ojú irin wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1889. Apá kan ṣoṣo ni ó kù lónìí, ẹgbẹ́ National Trust ni ó sì ń bójú tó o láti 1937.

Ilé onígi àti ilé àlejò ní etí ọ̀sà wa

Kí a má ṣe rò pé igi jẹ́ ti òyìnbó, kí amọ̀ sì jẹ́ tiwa. Ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, àwọn Àwórì ni onílẹ̀, àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ apẹja náà sì ń gbé ní etí omi. Ilé amọ̀ kò lè pẹ́ níbi tí omi bá ń ru sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, òpó igi ni a ń rì mọ́ ẹrẹ̀, a ó dábùú igi lé e lórí, a ó sì tẹ́ pákó tàbí ọparun lórí rẹ̀ kí ilẹ̀ ilé lè ga ju omi lọ. Ọparun tàbí pákó ni a fi ń ṣe ògiri. Ewé ògùrọ̀ ni a fi ń bo òrùlé kí páànù tó gbòde. Okùn ni ó ń mú oríkèé irú ilé bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, kì í ṣe ihò àti ahọ́n. Ìdí wà fún èyí. Omi àti ẹrẹ̀ a máa jẹ òpó, ilé tí a fi okùn so sì ṣe é tú kí a fi òpó tuntun rọ́pò èyí tí ó ti jẹrà. Ẹni tí ó kọ́ New Inn fẹ́ kí ilé rẹ̀ pẹ́ ju òun lọ. Ẹni tí ó kọ́ ilé sórí omi mọ̀ pé òun yóò máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà. Ọgbọ́n ni méjèèjì.

Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé etíkun wa, ìyípadà kan bẹ̀rẹ̀. Ní Badagry, ìjọ CMS fi ìpìlẹ̀ ilé alájà kan lélẹ̀ ní 1842, a sì parí rẹ̀ ní 1845. Òun ni a ń pè ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, orúkọ Henry Townsend àti ti Àjàyí Crowther sì so mọ́ ọn. Ohun tí a kì í sábà sọ nípa rẹ̀ ni pé ilé tí àlejò kọ́ fún ara rẹ̀ ni. Ẹni tí ó wá láti òkèèrè kò wọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Èkó, ní Tinúbú, ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan ní 1855 fún títa oúnjẹ àti ọtí, ọ̀nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà sì hàn lára rẹ̀. Òun ni a wá mọ̀ sí Ilojo Bar nígbà tí ó yá. Ní 1956, ìjọba kà á mọ́ àwọn ilé tí òfin dáàbò bò. Síbẹ̀, a wó o lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Bí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ báyìí, ẹ jẹ́ kí a ronú nípa èyí tí a kò tilẹ̀ kà sí ìtàn.

Bí a ṣe kọ́ Festac Town

Ní 1966, ìlú Dakar ní Senegal gba àjọ̀dún àkọ́kọ́ ti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú lálejò. Nàìjíríà ni ó gbà láti ṣe èkejì. A kọ́kọ́ fi sí 1970, ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé kò jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn tí a ti sún un síwájú léraléra, a ṣe é láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Àlejò tí ó lé ní 15,000 ni a ń retí láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 50. Níbo ni wọn yóò wọ̀ sí?

Bí ó bá ṣe ti àtijọ́ ni, agbo ilé agbo ilé ni à bá pín wọn sí. Òtẹ́ẹ̀lì Èkó ìgbà náà kò sì lè gba gbogbo wọn. Owó epo rọ̀bì wà lọ́wọ́ ìjọba ológun ní àkókò yẹn, ó sì pinnu láti kọ́ odindi ìlú kan. Ilẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Mile 2, ní ẹ̀bá òpópó tí ó lọ sí Badagry, ni a yàn. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni kí ìjọba tó gbà á. A kọ́ ilé tí ó tó 5,000 síbẹ̀. Òpópó ńlá méje ni a là, tí a ń pè ní àfẹ́nù, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn ni Kìíní, Kejì àti Keje tí wọ́n yí ìlú náà ká. Láti ara àfẹ́nù ni a ti ya ojú ọ̀nà tí a fi nọ́ńbà pè, láti ara ojú ọ̀nà ni a sì ti ya kúlóòsì, èyí ni òpópónà kékeré tí kò já. Lẹ́tà ABD ni a fi ń pe kúlóòsì. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni a fi kọ́lé. A ṣètò iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé ìwòsàn, àgọ́ ọlọ́pàá àti ti panápaná. Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé ìjọba kò kọ́ ọ fún oṣù kan péré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti pinnu pé àwọn ará ìlú ni yóò máa gbé ibẹ̀ bí àlejò bá ti lọ.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìlú yìí àti ilé èrò tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ní gbàgede ilé èrò London, ibi kan náà ni a ti ń sùn tí a sì ti ń ṣeré. Ní 1977, Festac ni àlejò ń sùn, ṣùgbọ́n Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-èdè ní Igànmú, èyí tí a sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024, àti Tafawa Balewa Square ní Èkó ni a ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ nínú eré náà. Ọkọ̀ ni a fi ń lọ tí a fi ń bọ̀. Ìyàtọ̀ kejì ni pé kò sí onílé. Àlejò kún inú ìlú náà, ṣùgbọ́n kò sí baálé tí yóò gbà wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ibẹ̀ rí.

Nígbà tí àlejò lọ

Lẹ́yìn àjọ̀dún, gègé ni ìjọba ṣẹ́ láti pín àwọn ilé náà fún ará ìlú. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan lo orúkọ mìíràn, wọ́n gba ju ilé kan lọ, wọ́n sì fi èyí tí ó kù háyà ní owó gọbọi. Báyìí ni onílé àti ayálégbé ṣe di aládùúgbò, tí ẹ̀yà gbogbo ní Nàìjíríà sì pàdé níbẹ̀. Láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí ó ti kọjá, wọn kò fi ilé náà sílẹ̀ bí wọ́n ti bá a. Wọ́n mọ odi. Wọ́n gbé géètì sí ẹnu kúlóòsì. Wọ́n ya ṣọ́ọ̀bù sí iwájú ilé. Wọ́n fi yàrá kún yàrá ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ nígbà tí omi ìjọba kò yọ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbàjẹ́ lásán ni gbogbo èyí. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé ni ìsọ̀ tí ó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Yàrá ẹ̀yìnkùlé wà fún ọmọ tí ó ti dàgbà tàbí ìbátan tí ó ti oko dé, nítorí pé fúláàtì tí a yà fún àlejò oṣù kan kò ní àyè fún ẹni tí yóò wá wọ̀ sí ilé. Géètì kúlóòsì ni ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí a rí ní agbo ilé àti ní Gloucester. Nítorí pé kúlóòsì kò já, ẹni tí kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀ kì í kọjá níbẹ̀. Àwọn ará kúlóòsì ń dá owó ọdẹ, wọ́n ń ṣe ìpàdé, wọ́n ń parí ìjà, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣeré ní àárín. Ẹni tí ó ya àwòrán ìlú náà fẹ́ kí ọkọ̀ má pọ̀ ní iwájú ilé, ṣùgbọ́n àwọn tí ń gbé ibẹ̀ sọ ọ́ di gbàgede.

Èyí kò sọ pé gbogbo àfikún ni ó dára. Odi àti ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́ sórí gọ́tà ń dá omi òjò dúró, agbègbè náà sì súnmọ́ ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í pẹ́ kún un. Páìpù tí a kọ́lé lé lórí kò ṣe é tún ṣe. Ibí yìí ni kókó tí a ní a ó padà sí ti wúlò. Nínú ilé onígi, òpó ni ó gbé ilé ró, a lè wó amọ̀ àárín rẹ̀ kí ewu má sí. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù tí kò ní òpó kọnkéré, ògiri fúnra rẹ̀ ni ó gbé àjà ró. Ẹni tí ó bá wó ògiri bẹ́ẹ̀ kí ó lè rí àyè fi ya ṣọ́ọ̀bù ti fọwọ́ kan ohun tí ó gbé gbogbo ará òkè dúró. Ọ̀wọ́n ni ẹ̀kọ́ yìí, ó sì yẹ kí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ọ́n ní èdè abínibí rẹ̀.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánniwò

Èkíní ni ti ọ̀rọ̀. Òpó, ìtì, àjà, atẹ́rígbà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbàgede àti ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé amọ̀ nìkan. Atẹ́rígbà wà lókè ilẹ̀kùn fúláàtì bí ó ti wà lókè ilẹ̀kùn ilé amọ̀, iṣẹ́ kan náà ni ó sì ń ṣe. Kí olùkọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde sí iwájú kíláàsì, kí wọ́n fi ọwọ́ kan nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sì dárúkọ wọn. Ní ti kúlóòsì, a kò gbà pé kí a máa pè é ní agbo ilé, nítorí pé ẹbí àti oríkì ni ó so agbo ilé pọ̀, owó ọdẹ àti géètì ni ó so kúlóòsì. Ó sàn kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àyálò náà dúró, kí a sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ibi tí méjèèjì ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. A ti ní ojúlé fún nọ́ńbà ilé, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èkejì ni ti ìtàn. Àwọn tí gègé mú ní Festac ti di àgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń fi okùn so ilé orí omi náà ń dín kù. Kí a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wọn pẹ̀lú ìbéèrè tí ó ṣe pàtó: kí ni o kọ́kọ́ fi kún ilé yìí, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ìdáhùn tí wọn yóò mú bọ̀ yóò kọ́ wa ju àkọ́sórí lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti ìdánwò. Bí ìbéèrè bá jẹ́ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ilé kíkọ́ ní àwùjọ Yorùbá, ìlànà máàkì kò yẹ kí ó fi ìyà jẹ ẹni tí ó ṣàpèjúwe ilé Festac tàbí ilé orí òpó ní etí ọ̀sà, bí ó bá ti lè sọ ohun tí ó gbé ilé náà ró, ibi tí a ti ń gba àlejò, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. A dábàá pé kí a máa bi wọ́n ní ìbéèrè ìfiwéra: irú ilé méjì, kí ni ó mú wọn yàtọ̀?

Ìkádìí

A ti rí i pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ilé èrò, ṣùgbọ́n inú ilé onílé ni a fi èrò sí. A rí i pé ilé èrò onígi ti Gloucester yanjú ìṣòro àlejò pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan, gbàgede kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí, ohun kan náà tí agbo ilé wa ní. A rí i pẹ̀lú pé a kọ́ Festac Town láìsí onílé, àti pé àwọn tí gègé mú ni ó wá ẹnu ọ̀nà àti gbàgede náà fúnra wọn, nígbà mìíràn lọ́nà tí ó ṣe ilé ní àǹfààní, nígbà mìíràn lọ́nà tí ó pa á lára. Òfin kò gba Ilojo Bar sílẹ̀, a kò sì mọ iye ọdún tí ilé Festac àkọ́kọ́ yóò tún lò kí a tó wó wọn kọ́ tuntun. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ àwa olùkọ́ ni pé kí ọmọ tí ń gbé ojúlé kan ní kúlóòsì kan ní Festac lè sọ, ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, irú ilé tí ilé òun jẹ́, ẹni tí a torí rẹ̀ kọ́ ọ, àti bí ó ṣe di ilé wọn.